Ẹ̀ka Sumner ní Howard: Bí Dìgírì Àkọ́kọ́ Nínú Sàìkọ́lọ́jì Ṣe Dé Ọwọ́ Àwọn Aláwọ̀ Dúdú Amẹ́ríkà

Títí di ọdún 1930, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sàìkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Howard, ní ìlú Washington, abẹ́ ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì ló ti máa kọ́ ọ. Ní ọdún náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, tí ó di ẹ̀ka tó dá dúró, wọ́n sì fi Francis Cecil Sumner ṣe olórí rẹ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè lè rò pé àtúntò ọ́fíìsì lásán ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Sumner ń lé hàn kedere. Ó fẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú lè fi sàìkọ́lọ́jì gba dìgírì àkọ́kọ́, kí ó kọ́ ọ dójú àmì, kí ó má jẹ́ pé ṣe ni yóò máa ṣà á jẹ lẹ́yìn fìlọ́sọ́fì tàbí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jáde ní ẹ̀ka yìí, nínú ìdájọ́ tó sọ pé kò bófin mu láti ya ọmọ dúdú àti ọmọ funfun sọ́tọ̀ ní iléèwé ìjọba. Ìtàn bí ọ̀ràn ṣe rìn láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé ilé ẹjọ́ ni a fẹ́ tò síbí.

Sàìkọ́lọ́jì ni ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé wa ló ń pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ dókítà tó ń wo aláìsàn ọpọlọ, ṣùgbọ́n dókítà yẹn ní láti kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn. Ẹni tó ń ka sàìkọ́lọ́jì ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń rí nǹkan, bí ó ṣe ń kọ́ nǹkan tí ó sì ń rántí rẹ̀, ohun tó ń bà á lẹ́rù, àti irú ojú tí ó fi ń wo ara rẹ̀ láàárín àwọn ẹlòmíràn. Nínú ìtàn yìí, ohun tí a kà gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Láyé àtijọ́, apá kan fìlọ́sọ́fì ni ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ń kọ́ ọmọ nípa ọkàn ènìyàn. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó sábà máa ń jẹ́ àlùfáà, ló ń kọ́ ọ fún àwọn tó ti kù díẹ̀ kí wọ́n jáde. Ilẹ̀ Jámánì ni àyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1879, Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí kan ní Leipzig, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ láti lọ kọ́ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni G. Stanley Hall, tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard lábẹ́ William James ní 1878. Nígbà tí Hall padà sílé, ó dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Johns Hopkins ní 1883, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1892, ó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Clark ní Worcester, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Clark yìí náà ló pe Sigmund Freud wá láti Austria ní 1909. Ọwọ́ Hall ni Sumner ti kọ́ṣẹ́. Bí a bá fẹ́ ka ìran ẹ̀kọ́ bí a ti ń ka ìran ìdílé, Sumner kò jìnnà sí Leipzig rárá.

Ẹ̀kọ́ tí Sumner fẹ́ fi lé àwọn ọmọ dúdú lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn nígbà náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan láti fi wọn ọpọlọ àwọn ọmọ ogun. Iye àwọn tó ṣe ìdánwò náà tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700. Ẹni tí kò rí iléèwé tó dára lọ, ẹni tí kò mọ àwọn nǹkan tí ará ìlú ńlá mọ̀, kò lè ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1923, Carl Brigham gbé ìwé jáde lórí èsì ìdánwò yìí, ó fi ẹ̀yà kan sókè, ó fi òmíràn sísàlẹ̀, ó ní bí a ṣe bí wọn ni. Ní 1930 Brigham fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìpìlẹ̀ ohun tí òun kọ kò dúró. Ọ̀rọ̀ ti jáde kí ó tó kó o jẹ. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bá sì ṣí ìwé sàìkọ́lọ́jì yóò bá a níbẹ̀ pé ọpọlọ ìran òun kò pé tó ti àwọn yòókù. Hall pàápàá, tó ṣe dáadáa sí Sumner, kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní 1904 pé àwọn ẹ̀yà kan ṣì dà bí ọmọ tí kò tí ì bàlágà.

Ìlú Pine Bluff ní Arkansas ni wọ́n bí Sumner sí, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1895. Kò lọ sí iléèwé girama. Ibi tí ó wà kò ní iléèwé gidi fún ọmọ dúdú, nítorí náà bàbá àti ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ nílé, wọ́n ń wá ìwé fún un, wọ́n ń mú un kàwé. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan tí ó lè mú lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania gbà kí ó jókòó ṣe ìdánwò, ó sì yege. Lincoln yìí kì í ṣe orúkọ àjèjì sí wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: ibẹ̀ ni Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah náà wá kàwé nígbà tó yá. Ní 1915, Sumner jáde pẹ̀lú ipò àkọ́kọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí Clark, ó gba dìgírì àkọ́kọ́ mìíràn níbẹ̀ ní 1916, nínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà sí Lincoln láti kọ́ àwọn ọmọ ní sàìkọ́lọ́jì àti èdè Jámánì, òun náà sì ń kàwé lọ.

Ó kọ̀wé sí yunifásítì méjì pé òun fẹ́ tẹ̀síwájú, àwọn méjèèjì kò gbà á. Hall ló gbà á ní Clark ní 1917. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ní 1918, Sumner kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Worcester, ó bẹnu àtẹ́ lu Amẹ́ríkà tó ń sọ pé òun ń jà fún òmìnira nígbà tí ó ń fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn ará ìlú gbaná jẹ, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó di dandan kí ó kọ lẹ́tà mìíràn láti fi tọrọ àforíjì, Hall sì dúró tì í. Kò pẹ́ tí ìjọba fi mú un wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó padà dé, ó gbé ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí èrò Freud àti Adler. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1920, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà nínú sàìkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà.

Ó ṣiṣẹ́ ọdún kan ní Wilberforce, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì lo ọdún méje ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ní West Virginia. Ìgbà yẹn ni ó kọ àwọn àpilẹ̀kọ kan, ní 1926 àti 1927, tí ó máa ń ṣòro fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ láti kà. Nínú wọn ó gbè sẹ́yìn èrò olùkọ́ aláwọ̀ dúdú nì, Booker T. Washington, ó sì gbà pé kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga aláwọ̀ dúdú wà lọ́tọ̀, kí ó sì máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà. Àwọn kan rò pé àwọn olówó funfun tó ń fún iléèwé lówó ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní èrò tèmi, kò yẹ kí òpìtàn bo apá yìí mọ́lẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ohun tí Sumner ṣe lẹ́yìn náà. Ọkùnrin tí ó kọ̀wé pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀ náà ló tọ́ àwọn tó fi ẹ̀rí wó ògiri ìyàsọ́tọ̀ lulẹ̀.

Ní 1928 ó dé Howard. Àkókò tó dára ni. Mordecai Johnson, ààrẹ dúdú àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà ní, ti gorí àga ní 1926, ó sì ń kó àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jọ. Alain Locke wà níbẹ̀ nínú fìlọ́sọ́fì, Ralph Bunche wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú, Charles Hamilton Houston sì ń tún ẹ̀ka òfin ṣe láti ilẹ̀. Albert Beckham, tó ṣáájú Sumner níbẹ̀, ti fi yàrá ìwádìí sàìkọ́lọ́jì lélẹ̀. Sumner gba Max Meenes àti Frederick Watts mọ́ra, àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ̀ka náà dúró lé lórí. Owó kò sí. Àwọn àjọ tó ń fún àwọn olùwádìí lówó kò dá Sumner lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ èdè Jámánì, Faransé àti Sípáníìṣì, ó sì fi wọ́n ṣiṣẹ́: ó ka àpilẹ̀kọ tó lé ní 3,000 láti inú àwọn èdè yìí, ó sì kọ kókó wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní ṣókí fún àwọn ìwé àkójọ tí gbogbo onímọ̀ ń lò. Iṣẹ́ tí kì í gbé ènìyàn sójú ìwé ìròyìn ni, ṣùgbọ́n ó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ Howard máa gbọ́ ohun tó ń lọ ní Yúróòpù láti ẹnu ẹni tó ti kà á ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ kí a wo ohun tí dìgírì àkọ́kọ́ yìí jẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wọlé nítorí pé ó fẹ́ mọ ìdí tí bàbá òun fi máa ń bínú, tàbí ìdí tí òun fi ń bẹ̀rù àárín èrò. Ohun tí ó bá pàdé ni ìṣirò. Wọ́n á kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí, pé iye ènìyàn tí a bi léèrè gbọ́dọ̀ tó, pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan, a gbọ́dọ̀ mú gbogbo ohun yòókù dọ́gba kí ó ku ìyàtọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ti ń to ìbéèrè kí ti ìṣáájú má baà ba ìdáhùn ti ìkẹ́yìn jẹ́. Ní 1951, àwọn olùkọ́ kan pàdé ní Yunifásítì Cornell láti jíròrò lórí ohun tó yẹ kí dìgírì àkọ́kọ́ nínú sàìkọ́lọ́jì ní nínú. Wọ́n gbà pé kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ tó jinlẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò àti ọ̀nà ìwádìí láàárín rẹ̀, kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Sumner kò dúró de ìpàdé Cornell kí ó tó máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kenneth Clark wọ Howard pẹ̀lú èrò pé dókítà ni òun yóò dà. Panama ni wọ́n bí i sí ní 1914, Harlem ní New York ni ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, ti tọ́ ọ dàgbà. Kíláàsì Sumner ló yí i lọ́kàn padà. Ó ronú pé bóyá ẹ̀kọ́ yìí lè jẹ́ kí òun mọ ìdí tí ẹ̀dá kan fi ń kórìíra ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí àwọ̀ ara. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó jẹ́ẹ́. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì wà lára àwọn tó ṣe ìwọ́de ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà nítorí pé ilé oúnjẹ tó wà níbẹ̀ kì í ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé e kúrò ní iléèwé. Ralph Bunche gbèjà rẹ̀. Ó gba dìgírì àkọ́kọ́ ní 1935 àti èkejì ní 1936, Sumner sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí Columbia, níbi tí Otto Klineberg wà, ẹni tí ìwádìí rẹ̀ ti ń fi hàn pé bí ọmọ dúdú bá kúrò ní gúúsù lọ sí iléèwé tó sàn ní New York, èsì ìdánwò ọpọlọ rẹ̀ máa ń gòkè bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Nígbà tí Clark ń kàwé fún dìgírì kejì ní Howard ni ó mọ Mamie Phipps. Ọmọ Hot Springs ní Arkansas ni Mamie, wọ́n bí i ní 1917, dókítà ni bàbá rẹ̀. Ó dé Howard ní 1934 pẹ̀lú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ìṣirò ni ó fẹ́ kà, pẹ̀lú físíìsì. Ó fẹ́ràn ìṣirò. Ohun tí kò fẹ́ràn ni bí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ṣe ń ṣe sí i: wọn kò ka akẹ́kọ̀ọ́ sí, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin. Clark ní kí ó wá ka sàìkọ́lọ́jì, ó ní yóò jẹ́ kí ó lè bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́, ohun tí Mamie náà fẹ́. Ó gbà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní bòńkẹ́lẹ́ ní 1937, nígbà tí Mamie kò tí ì jáde, ó sì gba dìgírì rẹ̀ pẹ̀lú èsì gíga ní 1938. Ẹ̀ka tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni ẹ̀ka kékeré tí Sumner fi ọdún mẹ́jọ kọ́ láìsí owó. Ẹ̀ka ìṣirò ló pàdánù rẹ̀.

Nínú ìsinmi ọdún 1938, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ dìgírì kejì, ó ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì Charles Houston. Ibẹ̀ ni ó ti rí àwọn agbẹjọ́rò, Thurgood Marshall wà lára wọn, tí wọ́n ń to ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi kojú òfin ìyàsọ́tọ̀. Títí di ìgbà yẹn, bí ayé ṣe rí ni ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ lójú ọmọ Arkansas bíi tirẹ̀. Ní ọ́fíìsì yẹn ni ó ti kọ́kọ́ gbà pé ohun tó ṣeé parẹ́ ni. Nígbà tí ó padà sí Howard, ó lọ sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi àwọn ọmọ dúdú ní Washington, ó fi àwòrán ọmọ dúdú àti ọmọ funfun han àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì ń bi wọ́n pé èwo ni tìẹ nínú wọn. Iṣẹ́ yìí ló fi kọ ìwé àpilẹ̀kọ dìgírì kejì rẹ̀ ní 1939: ìgbà wo ni ọmọdé aláwọ̀ dúdú máa ń kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Láti inú àwòrán ni wọ́n ti dé orí ọmọlangidi. Clark ra mẹ́rin ní ìsọ̀ Woolworth kan ní òpópónà 125 ní Harlem, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àádọ́ta sẹ́ǹtì. Méjì jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú irun dúdú, méjì jẹ́ funfun pẹ̀lú irun tó pọ́n. Wọn kò wọ nǹkan kan ju ìlédìí lọ. Ohun gbogbo yòókù dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ nínú kíláàsì. Ọmọdé yóò wọlé, yóò bá ọmọlangidi mẹ́rin níwájú rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ó mú ọ̀kan fún wọn. Mú èyí tí o fẹ́ fi ṣeré. Mú èyí tó dára. Mú èyí tí kò dára. Mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wuyì. Lẹ́yìn mẹ́rin yìí ni ìbéèrè mẹ́ta máa tẹ̀ lé e nípa èyí tó jọ òyìnbó àti èyí tó jọ aláwọ̀ dúdú. Ìkẹjọ ló gbẹ̀yìn: mú èyí tó jọ ìwọ.

Bí wọ́n ṣe to ìbéèrè yẹn kì í ṣe àṣàdédé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń dán an wò, wọ́n rí i pé bí ọmọ bá ti sọ pé ọmọlangidi dúdú ló jọ òun, ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà nípa èyí tó wù ú kì í jẹ́ òótọ́ inú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà wọ́n gbé ìbéèrè ti ìfẹ́ síwájú, wọ́n sì fi ti ara ẹni sí ìkẹyìn.

Ọmọ 253 ni wọ́n bá ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje ni wọ́n. Ọmọ 134 wá láti iléèwé ìyàsọ́tọ̀ ní Hot Springs, Little Rock àti Pine Bluff ní Arkansas, ìlú tí wọ́n bí Mamie sí àti ìlú tí wọ́n bí Sumner sí. Ọmọ 119 wá láti Springfield ní Massachusetts, níbi tí dúdú àti funfun ti jọ ń jókòó ní kíláàsì kan. Ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó mọ ọmọlangidi funfun yàtọ̀ sí dúdú láìṣì. Nínú ọgọ́rùn-ún, 67 ló ní funfun ni àwọn fẹ́ fi ṣeré. 59 ló mú dúdú pé òun ni kò dára. Nígbà tí ó kan ìbéèrè ìkẹjọ, 66 mú dúdú pé òun ló jọ wọn, 33 mú funfun.

Ìbéèrè yẹn ni ó nira jù. Ọmọ tó ti fi ìka ara rẹ̀ tọ́ka sí ọmọlangidi dúdú pé kò dára, wọ́n tún ń bi í báyìí pé èwo ló jọ ọ́. Àwọn kan dákẹ́. Àwọn mìíràn bú sẹ́kún, wọ́n sì sá jáde, pàápàá ní àríwá. Ní gúúsù, àwọn ọmọ kan fi ẹ̀rín mú dúdú, wọ́n sì sọ orúkọ èébú tí wọ́n ń pe ìran wọn, bí ẹni pé orúkọ àbísọ wọn ni. Clark sọ pé ohun tí àwọn rí náà dun àwọn débi pé àwọn kò fẹ́ tètè gbé e jáde. Ọdún 1947 ni àpilẹ̀kọ náà tó jáde ní kíkún.

Columbia ni àwọn méjèèjì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Kenneth gba tirẹ̀ ní 1940, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á nínú sàìkọ́lọ́jì níbẹ̀. Mamie gba tirẹ̀ ní 1943, òun ni èkejì. Ó sì fúnra rẹ̀ mú Henry Garrett ṣe olùkọ́ àgbà rẹ̀, ọkùnrin tó gbà gbọ́ gidigidi pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kéré. Ní 1952, nígbà tí ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ iléèwé ní àgbègbè Prince Edward ní Virginia délé ẹjọ́, Garrett jẹ́rìí fún ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí iléèwé wà lọ́tọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ pe Mamie pé kí ó wá dá a lóhùn, ó sì lọ.

Ẹjọ́ tó ṣáájú ìyẹn ni ti àgbègbè Clarendon ní South Carolina, ní 1951. Agbẹjọ́rò Robert Carter ló wá Kenneth Clark kàn. Clark kó àwọn ọmọlangidi rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó bá ọmọ 16 ṣe é. Mẹ́wàá fẹ́ràn funfun, mọ́kànlá ní dúdú ni kò dára. Àwọn agbẹjọ́rò kan ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ pàápàá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọlangidi kò yẹ ilé ẹjọ́. John W. Davis, agbẹjọ́rò South Carolina, sì di ìwádìí náà mú níbi tó ti nípọn: ó ní ìwé wọn fúnra wọn fi hàn pé àwọn ọmọ àríwá, tí wọn kò sí ní iléèwé ìyàsọ́tọ̀, ló fẹ́ràn funfun jù, 72 nínú ọgọ́rùn-ún sí 62 ti gúúsù. Òótọ́ ni. Clark kò sọ pé iléèwé nìkan ló fà á. Ohun tí ó sọ ni pé orílẹ̀-èdè tó ń fi ojú yẹpẹrẹ wo àwọ̀ kan ń kọ́ ọmọ tó ní àwọ̀ náà láti fi ojú kan náà wo ara rẹ̀, iléèwé ìyàsọ́tọ̀ sì jẹ́ ọ̀nà tí òfin fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwádìí yìí lónìí gbọ́dọ̀ mọ àtakò Davis, kí ó sì mọ ìdáhùn Clark pẹ̀lú.

Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, èyí tí a mọ̀ sí ìdájọ́ Brown, jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1954. Gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án fẹnu kò. Nínú àkíyèsí ìkọkànlá tó wà nísàlẹ̀ ìwé ìdájọ́ náà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ni ìwé tí Kenneth Clark kọ ní 1950 nípa ohun tí ìkórìíra ẹ̀yà ń ṣe sí ìdàgbàsókè ọmọdé. Sumner kò rí i. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, ó ń kó yìnyín kúrò níwájú ilé rẹ̀ ní Washington, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró, ó kú. Ó kù oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí ìdájọ́ jáde. Ọmọ ọdún 58 ni, ó ṣì ń ṣe olórí ẹ̀ka tó dá sílẹ̀.

Mamie kò rí iṣẹ́ tó tó oyè rẹ̀. Ní 1946 òun àti ọkọ rẹ̀ yá 946 dọ́là lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wọ́n fi ṣí ibùdó kan sí ìsàlẹ̀ ilé kan ní Harlem, tí a wá mọ̀ sí Northside. Àwọn òbí ń mú ọmọ wá tí iléèwé ti ní orí rẹ̀ kò pé, tí wọ́n ti kó sí kíláàsì àwọn tí kò lè kẹ́kọ̀ọ́. Mamie yóò tún wọn ọpọlọ ọmọ náà, pẹ̀lú irú ìdánwò tí Sumner kọ́ wọn láti lò àti láti fura sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni iléèwé ti ṣì kó síbẹ̀. Ó darí ibùdó náà títí di 1979.

Láti 1920 sí 1966, ẹ̀ka sàìkọ́lọ́jì mẹ́wàá tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn tó lé ní 3,700 ní oyè ọ̀mọ̀wé. Mẹ́jọ péré nínú wọn ni aláwọ̀ dúdú. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó di onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ibòmíràn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: nígbà tí wọ́n kà wọ́n lẹ́yìn náà, nǹkan bí 60 nínú 300 ló ti kọ́kọ́ fi Howard gba dìgírì. Ní 1968, àwọn kan nínú ìran tó tẹ̀ lé ti Clark dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní San Francisco. Clark fúnra rẹ̀ di ààrẹ ẹgbẹ́ gbogbogbò tí Hall dá sílẹ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ lórí àga náà. Nínú sàìkọ́lọ́jì, Howard ṣì ń fún ọmọ ní dìgírì àkọ́kọ́ àti èkejì nìkan ní gbogbo ìgbà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú gbọ́dọ̀ di ẹrù rẹ̀ lọ sí Columbia, tàbí Pennsylvania, tàbí ibikíbi tí wọ́n bá gbà á. Ní 1972, ọdún kejìlélógójì tí sàìkọ́lọ́jì kúrò lábẹ́ fìlọ́sọ́fì, ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀.